Ẹ̀kọ́ fún Òbí àti Olùkọ́: Oògùn tí Ó Di Ìdẹkùn



Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí kan ilé olúkúlùkù. Kì í ṣe ti ọtí, bí kò ṣe ti oògùn tí dókítà fi ń wo aláìsàn, tí àwọn ọmọ wa sì ń lò láìṣàìsàn.

Èkíní: Oògùn wo ni? Kodíìnì inú oògùn ikọ́ ni, àti tramadol tí a ń fún ẹni tí ó wà nínú ìrora. Bí kodíìnì bá wọ ara, ẹ̀dọ̀ a sọ apá kan rẹ̀ di mọfíìnì. Mọfíìnì a pa ìrora. Bí ó bá pọ̀ jù, a sì pa èémí pẹ̀lú. Àpọ̀jù tramadol a máa mú gìrì wá.

Èkejì: Báwo ni ó ti tàn tó? Ìwádìí ìjọba tí a tẹ̀ jáde ní 2019 fi hàn pé nǹkan bí 4,600,000 ènìyàn ní Nàìjíríà ni ó lo irú oògùn yìí láàárín ọdún kan, láìjẹ́ fún ìwòsàn. Ní oṣù Èbìbí 2018 ni ìjọba ti fi òfin de kíkó kodíìnì wọlé fún oògùn ikọ́. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n òfin kò lè bá wa ṣọ́ yàrá ọmọ wa.

Ẹ̀kẹta: Kí ni kí a ṣe? Bí ọmọ bá ń tòògbé ní kíláàsì lójoojúmọ́, tí dúdú ẹyinjú rẹ̀ sì kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe yára mú pàṣán. Ara tí oògùn ti mọ́ lára ń fẹ́ ìtọ́jú. Ọ̀nà tí ó gba iwájú wa ní Àpáta kọjá ni ó lọ sí Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìwòsàn Arò wà fún irú wọn.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí i tí kò jí, tí ó ń hanrun lọ́nà àjèjì, tí ètè rẹ̀ sì ń ṣú, ẹ má ṣe wí pé, “Ẹ jẹ́ kí ó sùn tẹ́rùn.” Èémí rẹ̀ ni ó ń tán lọ. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan lélẹ̀. Ẹ má ṣe da epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíákíá, pẹ̀lú páálí oògùn náà. Abẹ́rẹ́ kan tí à ń pè ní naloxone lè dá èémí rẹ̀ padà, bí a bá tètè dé.

Ìbéèrè:
1. Èéṣe tí pàṣán kò fi lè wo ọmọ yìí sàn?
2. Kí ni ìyàtọ̀ oorun àti ewu?
3. Oògùn wo ni ó wà nílé rẹ lónìí, ta ni ó sì ń ṣọ́ ọ?