Ẹ̀KỌ́ KEJÌDÍNLÓGÚN: FÍSÀ ẸNI TÍ Ó GBÉ IṢẸ́ RẸ̀ LỌ

Ẹ ti lè kọ orúkọ yín báyìí. Ẹ ti lè ka iye owó tí ó wà lára ìwé. Ẹ̀kọ́ òní yóò fi hàn yín bí ìwọ̀nba tí ẹ ti mọ̀ yìí ṣe lè gba odidi ìdílé lọ́wọ́ òfò. Ẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ibi tí kò bá yé yín, ẹ tún un kà.

1. Àlejò wọ ilé Ìyá Aláṣọ

Ìyá kan wà ní Ìbàdàn tí ó ń ta aṣọ. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó ní ọmọkùnrin méjì. Ẹ̀gbọ́n ń ṣe iṣẹ́ káfíńtà. Àbúrò ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé owó fún ilé iṣẹ́ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kò dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí. Inú yàrá rẹ̀ ní Ìbàdàn ni ó ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe iṣẹ́ náà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń san owó oṣù fún un.

Ní ọjọ́ kan, ọkùnrin kan tí ó ń bá ènìyàn wá físà kiri wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní:

"Ẹ kú ilé o, Màmá. Ọ̀nà ti là! Físà kan wà, wọ́n ń fún àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ kí wọ́n lè máa gbé ní ilẹ̀ Bràsíl. Mo lè gba ti àwọn ọmọ yín méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà."

Ìyá ní, "Káfíńtà mà ni ẹ̀gbọ́n. Pákó ni ó ń rẹ́, kì í tẹ kọ̀ǹpútà."

"Màmá, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Bí ó bá ti dé ọ̀hún, yóò rí iṣẹ́ káfíńtà ṣe. Ìwé nìkan ni a ó tún ṣe. Ẹ san mílíọ̀nù méjì náírà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fọwọ́ síbí pé ẹ̀yin ni onígbọ̀wọ́ wọn. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n kọ, ẹ kàn tẹ ìka."

Ìyá Aláṣọ gba ìwé náà. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ó ti ń lọ sí kíláàsì àgbà láti ọdún tí ó kọjá. Ó lè ka orúkọ ọmọ rẹ̀, ó sì lè ka nọ́ńbà. Nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé Yorùbá náà ni ó wà nínú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ó rí orúkọ ẹ̀gbọ́n. Níwájú orúkọ náà, ó rí 1,500.

"Kí ni 1,500 yìí?"

"Dọ́là ni, Màmá. Owó oṣù rẹ̀ ni."

"Owó oṣù ta ni? Ọmọ tí mo yá ní owó ìṣó lọ́sẹ̀ tó kọjá?"

"Màmá, orí ìwé lásán ni."

Ìyá Aláṣọ ká ìwé náà, ó fi í sí abẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, "Ẹ padà wá ní ọ̀túnla. Mo fẹ́ kà á."

2. Kí ni físà yìí?

Iṣẹ́ kan wà tí ènìyàn kò lè gbé rìn. Àgbẹ̀ kò lè di oko rẹ̀ sínú àpótí. Ẹni tí ń ta ata kò lè jókòó sí òkè òkun kí ó máa wọn ata fún oníbàárà ní ọjà Bódìjà. Iṣẹ́ mìíràn sì wà tí ó jẹ́ pé orí kọ̀ǹpútà ni gbogbo rẹ̀ wà. Ibi yòówù tí òṣìṣẹ́ náà bá jókòó sí, bí iná bá wà, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà, iṣẹ́ dé.

Ní ọdún 2020, àrùn kòrónà sé gbogbo ènìyàn mọ́lé. Àwọn ìlú tí ó ń jẹun lára àlejò kò rí àlejò mọ́. Ilé ìtura wọn ṣófo. Ní oṣù keje ọdún náà, erékùṣù Barbados kéde pé ẹni tí ó bá ní iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tí ó wà ní ìlú mìíràn lè wá gbé lọ́dọ̀ àwọn fún ọdún kan, kí ó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti ibẹ̀. Ní oṣù kẹjọ, ilẹ̀ Estonia náà bẹ̀rẹ̀ sí í fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní físà. Lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tẹ̀lé wọn.

Kí ni èrè wọn? Àlejò yìí kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ onílẹ̀. Òde ni owó rẹ̀ ti ń wá, inú ìlú wọn ni ó sì ń ná an sí. Ẹ di gbólóhùn yìí mú, nítorí òun ni gbòǹgbò gbogbo òfin tí ó kù.

3. Òfin ilẹ̀ Bràsíl

Bràsíl kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà òwò ẹrú, tipátipá ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lọ síbẹ̀. Ní ọdún 1888 ni Bràsíl tó fi òpin sí oko ẹrú. Àwọn kan nínú àwọn tí ó gba òmìnira padà wá sí Èkó. Àwọn ni à ń pè ní Àgùdà. Ẹni tí ó bá ń lọ lónìí, ìfẹ́ inú ara rẹ̀ ni yóò fi lọ, ìwé òtítọ́ ni yóò sì mú dání.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, ìgbìmọ̀ ìjọba Bràsíl tí ó ń rí sí ọ̀ràn àwọn àjèjì ṣe òfin lórí físà yìí. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2022. Kókó rẹ̀ nìyí:

(a) Iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ti wà lọ́wọ́ ẹni tí ń tọrọ físà, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ó lè ṣe láti ọ̀nà jíjìn.

(b) Ẹni tí ń san owó fún un gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀yìn odi Bràsíl. Kò gbọdọ̀ wá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan níbẹ̀.

(d) Owó tí ń wọlé fún un gbọ́dọ̀ tó 1,500 dọ́là Amẹ́ríkà ní oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ ní 18,000 dọ́là ní báńkì. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: 1,500 ní ọ̀nà 12 jẹ́ 18,000. Oúnjẹ ọdún kan ni wọ́n fẹ́ rí.

(e) Ọdún kan ni wọ́n ń fún ènìyàn láti gbé. Ó lè tọrọ ọdún kan sí i.

4. Ìyá Aláṣọ ka ìwé

Ní alẹ́, àbúrò wá òfin yìí jáde láti ọ̀dọ̀ ìjọba Bràsíl fúnra wọn, kì í ṣe láti ẹnu éjẹ́ńtì. Ó ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, ìyá rẹ̀ sì ń kọ ọ́ sínú ìwé kíláàsì rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó kọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ni ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n bínú. Ó ní, "Màámi, ti àbúrò nìkan ni ẹ fẹ́ ṣe, àbí? Àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ tán."

Ìyá ní, "Jókòó. Ka (a) fún mi."

Ó kà á.

"Ka (d)."

Ó kà á, ó sì dákẹ́.

Ìyá ní, "Bí wọ́n bá bi ọ́ pé ta ni ọ̀gá rẹ, kí ni wàá sọ? Bí wọ́n bá tẹ ilé iṣẹ́ náà láago ńkọ́? Bí o bá tilẹ̀ wọlé, ọjọ́ tí o bá mú ayùn níbẹ̀ ni o ti rú òfin wọn. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Èmi kò sọ pé kí o má lọ òkè òkun. Físà akọ̀wé ni mo ní kí o fi sílẹ̀. Ti káfíńtà ni kí a wá."

Ẹ̀gbọ́n kò dáhùn. Ó dìde, ó lọ. Odindi ọjọ́ méjì ni kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nígbà tí éjẹ́ńtì padà dé, Ìyá Aláṣọ yọ ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí. Ó ní, "Mo rí orúkọ ọmọ mi. Mo rí àyè orúkọ tèmi. Ibo ni orúkọ tiyín wà?"

Ọkùnrin náà yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. Orúkọ rẹ̀ kò sí níbì kankan.

Ìyá ní, "Bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, àwa nìkan ni wọn yóò mú. Ẹ máa gbé ìwé yín lọ."

Ní ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n wá jókòó ti àbúrò rẹ̀. Ó ní kí ó bá òun wo orílẹ̀-èdè tí ó ń wá káfíńtà.

5. Àwọn ìwé tí àbúrò kó jọ

Àbúrò ní iṣẹ́, owó oṣù rẹ̀ sì tó. Ó tọrọ físà náà fúnra rẹ̀. Àwọn ìwé tí ó kó jọ nìyí:

1. Ìwé ìrìnnà tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá, àti fọ́tò.

2. Fọ́ọ̀mù tí ó kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí.

3. Ìwé àdéhùn iṣẹ́, àti lẹ́tà ọ̀gá rẹ̀ pé ó lè ṣe iṣẹ́ náà láti ọ̀nà jíjìn.

4. Ìwé báńkì tí ó fi owó oṣù rẹ̀ hàn.

5. Ìwé ọlọ́pàá tí ó fi hàn pé kò ní ẹjọ́ ọ̀daràn lọ́rùn.

6. Ìwé adójútòfò ìlera tí ó gbéṣẹ́ ní Bràsíl. Èyí ni yóò san owó ilé ìwòsàn bí àìsàn bá dé.

Ilé aṣojú Bràsíl wà ní Àbújá, òmíràn sì wà ní Èkó. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ ti béèrè ìwé tí ó kù àti iye owó físà, kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Òfin a máa yí padà. Èyí tí ó wà lóde lọ́jọ́ tí ẹ ń lọ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ibi tí ẹ bá ti san owó, ẹ gba rìsíìtì.

6. Bí ènìyàn bá ti dé ibẹ̀

Físà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Kí ọjọ́ 90 tó pé, ó gbọ́dọ̀ lọ kọ orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọlọ́pàá ìjọba àpapọ̀ Bràsíl. Bí ó bá gbé ibẹ̀ tó ọjọ́ 183 láàárín oṣù 12, òfin owó orí wọn lè mú un. Kí ó béèrè kí ọjọ́ tó pé.

Kí ó mọ̀ pẹ̀lú pé aago kò dọ́gba. Nígbà tí aago mẹ́jọ àárọ̀ bá lù ní Ìbàdàn, aago mẹ́rin ìdájí ni ní ìlú Salvador ní Bràsíl. Ẹni tí ọ̀gá rẹ̀ bá ń wá ní aago mẹ́jọ wa yóò jí ní òru. Èdè Potogí ni wọ́n sì ń sọ níbẹ̀. Kí ó kọ́ díẹ̀ kí ó tó lọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe tẹ ìka sí ìwé tí ẹ kò kà, tí a kò sì kà fún yín. Bí ẹni tí ó mú un wá bá ń kánjú, ẹ ní kí ó lọ, kí ó padà wá. Ìwé òtítọ́ kò ní sá lọ.

ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TUNTUN

Físà: àṣẹ tí orílẹ̀-èdè kan fi fún àlejò láti wọlé.
Ìwé ìrìnnà: páásípọ́ọ̀tù.
Onígbọ̀wọ́: ẹni tí ó dúró fún ẹlòmíràn, tí yóò dáhùn bí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀.
Ìwé àdéhùn: ìwé tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni Ìyá Aláṣọ lè kà nínú ìwé Gẹ̀ẹ́sì náà?
2. Kí ni ìdí tí físà yìí kò fi yẹ ẹ̀gbọ́n?
3. Bí owó oṣù ẹnì kan bá jẹ́ 1,200 dọ́là, èló ni ó kù kí ó tó pé iye tí Bràsíl ń fẹ́?
4. Orúkọ ta ni kò sí lára ìwé náà? Kí ni ìyẹn fi hàn?
5. Ẹ kọ orúkọ iṣẹ́ mẹ́ta tí a lè gbé rìn, àti mẹ́ta tí a kò lè gbé rìn.