Bí A Ṣe Ń Gbé Aláìsàn Láì Gbé E

Ẹ jẹ́ ká fi àpò ìrẹsì bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé àpò 50 kg sórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹ ní kí ẹnì kan wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà. Á wọ́ ọ débẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ á ti máa mí helehele, ìdí àpò náà á sì ti bó. Ẹ wá tẹ́ ọ̀rá ńlá méjì sábẹ́ àpò náà, ọ̀kan lórí èkejì, kó di ọ̀rá òkè mú mọ́ àpò, kó tún fà á. Ẹ ó rí i pé àpò á máa yọ̀ tẹ̀lé e. Ìrẹsì inú rẹ̀ ò dín kù. Bí sìmẹ́ǹtì ṣe ń di àpò mú ló dín kù.

Ẹ wá wo Bàbá kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ mú, tí a fẹ́ gbé kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì bọ́ sórí tírọ́lì. Ohun tí ojú wa mọ́ ni kí ọkùnrin mẹ́rin dì í lápá, dì í lẹ́sẹ̀, kí wọ́n ní "ó yá!" Apá tí àrùn yẹn ti sọ di aláìlágbára kò ní iṣan tó lè di oríkèé èjìká mú dáadáa mọ́. Bí ẹ bá fà á, tàbí tí ẹ ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀ láti gbé e, èjìká lè yẹ̀. Àìsàn kan ló gbé Bàbá wá, a ti fi ìkejì kún un fún un.

Ẹ̀yìn tiyín náà ńkọ́? Ní 2007, Thomas Waters, onímọ̀ kan ní NIOSH, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ààbò òṣìṣẹ́, ṣírò pé 35 pọ́ùn, nǹkan bíi 16 kg, ló yẹ kó jẹ́ òpin ohun tí ẹnì kan á fi ọwọ́ gbé lára aláìsàn, ìyẹn tí gbogbo nǹkan bá tilẹ̀ rọgbọ. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lára ẹni tó wọn 100 kg fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ fi ìyẹn ro gbogbo ara.

Ọgbọ́n ọ̀rá méjì ló wà nínú aṣọ tí wọ́n ń pè ní slide sheet. Ó ń dán, ó ń yọ̀, ó rí bí aṣọ agboòrùn. Òmíràn jẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, òmíràn ni wọ́n rán pọ̀ bí àpò tí kò nídìí. Ojú tó ń yọ̀ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó kọjú sí ara wọn. Ẹ yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ ká aṣọ náà dé ìdajì, ẹ ti ibi tẹ́ ẹ ká mọ́ ọn lẹ́yìn, ẹ yí i padà kọjá lórí rẹ̀, kẹ́ ẹ wá fa ìyókù jáde lódìkejì. Gìgísẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń gbàgbé. Ara á ti yọ̀ lọ tán, gìgísẹ̀ á ṣì máa ha aṣọ bẹ́ẹ̀dì.

Kí ló burú nínú kó ha á? Bí a bá wọ́ ènìyàn, egungun á tẹ̀ lé wa, aṣọ bẹ́ẹ̀dì á di awọ mú sẹ́yìn, ẹran tó wà láàárín wọn á máa nà, iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké inú rẹ̀ á sì lọ́ pọ̀. Ẹ ò ní rí nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí egbò ìdùbúlẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìwé sábà máa ń sọ pé kẹ́ ẹ wo ibi tó bá pọ́n, àmọ́ pípọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lára adúláwọ̀. Ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi kàn án, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ó gbóná tàbí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ.

Tó bá di pé ẹ fẹ́ fà á, ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì ga dé ìbàdí yín. Ẹsẹ̀ kan síwájú, ọ̀kan sẹ́yìn, ẹ dẹ orúnkún díẹ̀. Ẹ di etí aṣọ òkè mú nítòsí ara aláìsàn, kẹ́ ẹ wá gbé ara yín láti ẹsẹ̀ iwájú lọ sí ti ẹ̀yìn. Apá ò ní ṣe ju kó dì í mú lọ. Àlàfo tó wà láàárín bẹ́ẹ̀dì àti tírọ́lì, pátákó ike tó gùn la fi ń dí i bí afárá. Ẹ ti bíréèkì méjèèjì kẹ́ ẹ tó gbé pátákó náà lé wọn. Ẹni tó dúró níbi orí ló ń pàṣẹ. Kó kọ́kọ́ wo dírípù, kó wo rọ́bà ìtọ̀. Ọjọ́ kan wà tá a ti fa aláìsàn dé àárín kí n tó rí i pé rọ́bà ìtọ̀ rẹ̀ kọ́ irin bẹ́ẹ̀dì. Igbe tó ké lọ́jọ́ náà ò tíì kúrò létí mi. Ẹ fẹnu kò lórí àṣẹ pẹ̀lú: bí wọ́n bá ka "ení, èjì, ẹ̀ta," ẹnì kan á fà nígbà ẹ̀ta, ẹlòmíràn á dúró dìgbà tó bá tán. "Ẹ múra, ẹ fà!" yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Aláìsàn tí kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, tó gbọ́dọ̀ bọ́ sórí àga, hoist ló kàn án. Ẹni tó bá ti rí bí mẹkáníìkì ṣe ń gbé ẹ́ńjìnnì jáde lára ọkọ̀ ti mọ ìrísí rẹ̀. Ẹ ka iye kílò tí wọ́n kọ sára rẹ̀ àti sára sling, aṣọ tó ń gbé aláìsàn dání, kẹ́ ẹ sì wo ojú ìránṣọ bóyá ó ti ń já. Ẹ la ẹsẹ̀ hoist gbòòrò. A kì í sábà ti bíréèkì rẹ̀ nígbà tó bá ń gbé ènìyàn sókè, àyàfi tí ìwé àwọn tó ṣe é bá sọ bẹ́ẹ̀, torí ó nílò àyè láti yí díẹ̀ títí tí ìwúwo náà á fi bọ́ sí àárín rẹ̀. Ẹ gbé aláìsàn kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì díẹ̀, ẹ dúró, ẹ tún gbogbo ìkọ́ wò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ní Ìlú Ọba á bá òfin 1998 tí wọ́n ń pè ní LOLER níbẹ̀: oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni ẹni tó mọṣẹ́ sábà máa ń yẹ hoist àti sling wò. Bí ọjọ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn bá ti kọjá, ẹ má lò ó.

Lọ́dọ̀ wa níbí, aṣọ bẹ́ẹ̀dì lásán ni ọ̀pọ̀ fi ń gbé aláìsàn. Ó sàn ju apá àti ẹsẹ̀ lọ, àmọ́ gbígbé náà ṣì ni.

Bí Bàbá bá ti balẹ̀ tán, ẹ ti igun slide sheet sábẹ́ ara rẹ̀, ẹ rọra fà á jáde ní kíká. Ẹ má fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé, tó wá gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè kí Bàbá lè mu ẹ̀kọ, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ló ti máa bá Bàbá àti ife ẹ̀kọ.