Ẹni Tó Mọ Ọ̀nà Àtijáde Nínú Igbó

Ọ̀rọ̀ tí mo ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹ̀yin ọ̀dọ́ Ìtamágà láyé yìí ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òwe gidi ni, àwọn bàbá wa ló pa á. Bí ẹ ṣe ń lò ó ni mi ò fara mọ́. Ẹnì kan kọ́ṣẹ́ táìsì fún oṣù mélòó kan, ó sá kúrò níbẹ̀, ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń tún fóònù ṣe. Kò pẹ́, ó ti wà lórí ọ̀kadà. Ẹ tún máa gbọ́ pé ó ń wá owó orí íntánẹ́ẹ̀tì. Tí a bá sọ̀rọ̀, á ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Kò burú, ọmọ mi. Èwo lo wá rìn dé ọjà nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyẹn?

Ọkùnrin ará Sípéènì kan ni mo fẹ́ fi bá yín sọ̀rọ̀ lónìí. Severiano Ballesteros ni wọ́n sọ ọ́, Seve ni gbogbo ayé ń pè é. Gọ́ọ̀fù ló fi jẹun. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa rẹ́rìn-ín pé kí ló kàn wá kan eré àwọn olówó Ìkòyí. Ẹ fara balẹ̀. Ọmọ olówó kọ́ lẹni tí mò ń wí yìí.

Ọjọ́ 9 oṣù kẹrin ọdún 1957 ni wọ́n bí i sí Pedreña, abúlé kan létí omi ní àríwá Sípéènì. Ìlú ńlá Santander wà ní òdìkejì omi náà. Ẹni tó bá ti dúró sí etí ọ̀sà ní Ìkòròdú rí, tó ń wo Èkó lókèèrè, á mọ irú ibẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń sin màlúù ni bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n pápá gọ́ọ̀fù àwọn ọlọ́lá wà nítòsí ilé wọn, ọmọ abúlé a sì máa lọ síbẹ̀ lọ bá wọn ru àpò. Kádì ni wọ́n ń pe irú wọn. Ramón Sota, arákùnrin ìyá rẹ̀, ti ibẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká. Ní 1965 ó wà lára àwọn tó ṣe ipò kẹfà nínú ìdíje Masters ní Amẹ́ríkà. Àwọn ẹ̀gbọ́n Seve náà gba ibẹ̀ wọ iṣẹ́ ọ̀hún.

Kádì lè ru àpò, àmọ́ wọn kì í jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá bó ṣe wù ú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Manuel wá fún un ní irin kan ṣoṣo, irin onínọ́ńbà 3. Ẹ jẹ́ kí n là á fún ẹni tí kò mọ eré náà: inú ihò ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí, ẹni tí ìgbá rẹ̀ bá kéré jù ló sì ń borí. Irin àti igi 14 ni òfin gbà kí èèyàn kó sínú àpò, olúkúlùkù ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ dúró ṣánṣán ni wọ́n fi ń gbá ọ̀nà jíjìn, èyí tí ojú rẹ̀ dà sẹ́yìn ló ń gbé bọ́ọ̀lù jáde nínú iyanrìn. Ti ọ̀nà jíjìn ni nọ́ńbà 3 yìí, ó sì wà lára àwọn tó nira jù láti gbá. Òun nìkan lọmọ yìí ní. Ó gbé e lọ sí etí òkun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi irin kan ṣiṣẹ́ irin mẹ́tàlá yòókù. Tó bá fẹ́ kí bọ́ọ̀lù fò sókè, á ṣí ojú irin náà sókè, á dẹ ọwọ́. Tó bá fẹ́ kó máa sáré nílẹ̀, á dojú irin dé. Nígbà tí kò sí bọ́ọ̀lù, òkúta ló ń gbá. Bí òṣùpá bá sì yọ, á yọ́ wọ pápá àwọn ọlọ́lá. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òkùnkùn kì í fẹ́ rí òṣùpá, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀, ojú òṣùpá ló ń wò kó tó jáde.

Ó pé ọmọ ọdún 16 nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi eré náà jẹun ní 1974. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, nínú ìdíje Open ní Royal Birkdale nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti Jack Nicklaus, àgbà ọ̀jẹ̀ ará Amẹ́ríkà, jọ ṣe ipò kejì. Ọmọ ọdún 19! Ní 1978 ó dé Kẹ́ńyà, ó gba ife tiwọn lọ. Ó gba Open ní 1979, 1984 àti 1988, ó gba Masters ní 1980 àti 1983. Nígbà tó fi máa fẹ̀yìn tì, ó ti gba ife 50 nínú àwọn ìdíje European Tour, kò sì tíì sẹ́ni tó gba tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Bọ́ọ̀lù Seve kì í lọ tààrà ju ti ẹlòmíràn lọ. Rárá o! Igbó ló máa ń wọ̀. Nígbà tó gba ife ní 1979, ìgbá kan tó gbá lọ́jọ́ ìkẹyìn, ibi tí wọ́n páàkì mọ́tò sí ni bọ́ọ̀lù náà balẹ̀. Ó gbá a jáde níbẹ̀, ó sì fi ìgbá tó dín kan sí iye ìgbá tí wọ́n là sílẹ̀ fún ihò yẹn gbá a wọlé. Àwọn kan fi ṣe yẹ̀yẹ́, pé akọni ibi ìpáàkì mọ́tò ni. Wọn ò mọ̀ pé àwọn tó ní irin 14 láti kékeré ò kọ́ ohun tí onírin kan kọ́ létí òkun.

Ẹ gbọ́ ti 1993 ní Crans, nílẹ̀ Switzerland. Ihò ìkẹyìn ló kù. Bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọ abẹ́ igi, ògiri ibi ìlúwẹ̀ẹ́ kan sì ga ju òun alára lọ níwájú rẹ̀, kò jìnnà sí i. Billy Foster, kádì rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ títí pé kó gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó padà sójú ọ̀nà. Seve wo òkè, ó rí àlàfo kékeré kan láàárín ògiri àti ẹ̀ka igi. Ó gbá bọ́ọ̀lù gba ibẹ̀ kọjá, ó balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ihò wà, ó sì tún fi ìgbá kan gbá a wọlé láti ibẹ̀. Síbẹ̀ náà, ìgbá kan ni Barry Lane fi gba ife mọ́ ọn lọ́wọ́. Mi ò pa irọ́ fún yín pé ẹni tó mọ iṣẹ́ kì í pàdánù.

Kí ẹ má bàa rò pé ti òyìnbó nìkan ni: Lee Elder, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ọmọ òrukàn tóun náà ru àpò nígbà èwe, wá sí Nàìjíríà ní 1971, ó sì gba ife Nigerian Open. Láyé ìgbà náà, kì í ṣe koríko ló wà níbi tí ihò wà ní Ìkòyí, iyanrìn tí wọ́n pò mọ́ epo ni. Ní 1975 ọkùnrin yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nínú Masters. Lónìí, ẹni tó bá gba Ìtóìkín kọjá sí Ẹ̀pẹ́, tó wá padà gba ọ̀nà Lẹ́kì, á bá pápá gọ́ọ̀fù ní Làkọ́wẹ̀. Kò jìnnà sí wa tó bí ẹ ṣe rò.

Ti owó ńkọ́? Seve mọ iye ara rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ lójú àwọn aláṣẹ. Ó ní àwọn tó bá fẹ́ kóun wá dá èrò jọ fún wọn gbọ́dọ̀ sanwó wíwá òun. Ìjà náà le débi pé wọn ò mú un wọ ikọ̀ Yúróòpù tó kojú Amẹ́ríkà nínú Ryder Cup ní 1981. Ní 1983 Tony Jacklin tó di olórí ikọ̀ ló lọ bẹ̀ ẹ́ padà, Yúróòpù sì fi àmì kan ṣoṣo pàdánù. Ní 1985 wọ́n borí Amẹ́ríkà, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ṣe láti 1957. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé ó ti gba Open àti Masters kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í na ìka sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò tíì parí kíkọ́ṣẹ́ tó ń bá oníbàárà fa iye owó, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń tà.

Ìparí iṣẹ́ rẹ̀ kò dùn ún gbọ́. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún láti ìgbà èwe, ife ìkẹyìn tó gbà jẹ́ ti 1995 nílé wọn ní Sípéènì. Nígbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́, ó ń ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn, tèyí ní kó gbọ́wọ́ sókè, tọ̀hún ní kó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ ló ti sọ irin etí òkun yẹn nù. Ó fẹ̀yìn tì ní 2007, kókó inú ọpọlọ sì pa á ní ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún ọdún 2011, ẹni ọdún 54.

Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọṣẹ́ ní Ìtamágà níbí ló kù tí mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ní 1987 ọmọ ọdún 21 kan, José María Olazábal, ọmọ Sípéènì bíi ti Seve, wọ ikọ̀ Yúróòpù. Seve ní kí wọ́n so òun pọ̀ mọ́ ọmọ yìí. Ìgbà 15 ni wọ́n jọ gbá a nínú Ryder Cup: wọ́n borí nínú 11, wọ́n ta ọ̀mì nínú 2, méjì péré ni wọ́n pàdánù. Bí bọ́ọ̀lù ọ̀kan bá sì wọ igbó, èkejì ló máa gbá a jáde nígbà tí àwọn méjèèjì bá jọ ń gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo. Ibẹ̀ lọmọ náà ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń jáde nínú igbó. Òun náà gba Masters ní 1994 àti 1999. Nítorí náà, ọmọṣẹ́ tó bá gé táìsì tí kò bá ojú ibi tó fẹ́ tò ó sí mu, ẹ má já irinṣẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ má sì lù ú. Ẹ ní kó wá igun tí yóò bá a mu nínú yàrá náà kó tó tún gé òmíràn.