TẸLIFÍṢỌ̀N ILÉ NÍNÚ PÁLỌ̀ ÒKÈÈRÈ: Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Òbí

Bíbélì kíkà: Nehemáyà 13:23-25, Deutarónómì 6:6-7

Ẹ̀kọ́ wa lọ́tẹ̀ yìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni nínú wa, ìbáà ṣe Brockley ni ẹ ń gbé tàbí Peckham: eré Yorùbá tí a ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn òbí kan sọ pé òun ni àwọn fi ń kọ́ ọmọ ní èdè. Àwọn mìíràn ní ọfọ̀ àti èpè ló kún inú rẹ̀, pé kò yẹ ilé onígbàgbọ́. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n kí a tó dá ẹjọ́, ẹ jẹ́ kí a rántí bí nǹkan náà ṣe bá wa dé ìhín.

Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn. Lórí rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àgbà ti kọ́kọ́ rí Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Nígbà náà, ará ilé àti aládùúgbò ló máa ń péjọ síwájú ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Bí òṣèré bá sọ̀rọ̀, ẹnì kan nínú yàrá yóò fèsì, ẹlòmíràn yóò fi òwe gbè é. Ilé tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá tẹ́lẹ̀ ni tẹlifíṣọ̀n wá bá.

Nígbà tí ọ̀pọ̀ wa dé ìlú Ọba láàárín 1990 sí 1999, kásẹ́ẹ̀tì fídíò ló ń tù wá nínú. Ẹni tó bá ń ti Èkó bọ̀ yóò fi méjì mẹ́ta sáàárín gàrí àti èlùbọ́. Ti Olúwa Nilẹ̀ tí Túndé Kèlání ṣe ní 1993 wà lára àwọn tí a ń yá lọ́wọ́ ara wa títí àwòrán fi ń fọ́. Oore kan sì wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò fura sí: ètò àwòrán kan náà tí wọ́n ń pè ní PAL ni Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò, nítorí náà kásẹ́ẹ̀tì Èkó ń ṣiṣẹ́ níhìn-ín láìsí wàhálà. Àwọn ará wa ní Amẹ́ríkà kò rí i bẹ́ẹ̀. NTSC ni tiwọn, àfi kí wọ́n sanwó kí wọ́n bá wọn yí i padà. Lẹ́yìn náà ni díìṣì dé, tí YouTube sì tẹ̀ lé e ní 2005. Lónìí, ohun tí a ń wá kiri nígbà kan ti wà nínú fóònù ọmọ ọdún mẹ́wàá.

Ẹ wá ṣí Nehemáyà orí 13. Nígbà tí ó padà dé Jerúsálẹ́mù, ó rí àwọn Júù tí wọ́n ti fẹ́ obìnrin Áṣídódì, Ámónì àti Móábù. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ọmọ wọn jẹ́ èdè Áṣídódì, wọn kò sì lè sọ èdè Júù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló ń dun Nehemáyà jù, torí èdè yẹn ni wọ́n fi ń ka òfin Ọlọ́run. N kò sì sọ pé Yorùbá ni èdè ọ̀run, tàbí pé ẹni tó fẹ́ aya láti ẹ̀yà mìíràn dẹ́ṣẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí ni ẹni tí Nehemáyà bá wí. Kò bá àwọn ọmọ wí rárá. Àwọn baba ló dojú kọ, ó lu àwọn kan nínú wọn, ó sì fa irun wọn tu. (Ẹ fọkàn balẹ̀, pásítọ̀ wa kò ní fa irun ẹnikẹ́ni.) Ṣùgbọ́n àwa níhìn-ín, ọmọ ni a máa ń dá lẹ́bi: "Ọmọ yìí kò gbọ́ Yorùbá!" Ta ni ìbá ti sọ ọ́ sí i létí?

Ilé kan wà ní Brockley tí mo mọ̀ dáadáa. Ìyá àgbà wá láti Abẹ́òkúta láti lo oṣù mẹ́fà. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ń wo eré Yorùbá láti kékeré, àwọn òbí rẹ̀ sì ń fi í yangàn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá àgbà pe ọmọ náà. Láti orí àga ló ti dáhùn pé, "Kí lo fẹ́?" Ó dún geere bí ẹni tí wọ́n bí sí Ìtokò. Bàbá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó padà sínú yàrá, kò sì jẹun àárọ̀ ọjọ́ náà.

Ọmọ náà sunkún, kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó rò pé Yorùbá tó dára ni òun sọ, òótọ́ sì ni. Bí ọ̀gá ṣe ń dá ọmọ ọ̀dọ̀ lóhùn nínú eré nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ìyàwó ń dá orogún rẹ̀ lóhùn. Ìjà pọ̀ nínú eré ju ìkíni lọ, torí ìjà ni èèyàn fẹ́ wò. Ẹni tí ọmọ yóò pè ní "ẹ" àti ẹni tí yóò pè ní "o", tẹlifíṣọ̀n kò lè kọ́ ọ, nítorí kì í ṣe òun ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Bí ó bá sì ṣì í sọ, tẹlifíṣọ̀n kò ní bínú, kò sì ní tún un ṣe.

Ìyá rẹ̀ ló mú un wọlé tọ ìyá àgbà lọ, tó kọ́ ọ bí a ṣe ń kúnlẹ̀, tí a sì ń sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, mà." Láti ọjọ́ náà ni ìyá àgbà ti ń jókòó tì í bí eré bá ń lọ. Yóò ní kí wọ́n dá a dúró, yóò béèrè pé, "Ṣé bí a ṣe ń dá àgbà lóhùn nìyẹn?" Kí ó tó padà sílé, ọmọ náà ti lè ki oríkì ara rẹ̀, èyí tí kò sí nínú eré kankan.

Ẹ wo bí Deutarónómì 6:7 ṣe tò ó: nígbà ìjókòó nínú ilé, nígbà ìrìn lọ́nà, nígbà ìdùbúlẹ̀, nígbà ìdìde. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìjókòó nínú ilé nìkan ni tẹlifíṣọ̀n lè bá wa dé. Ẹ mú ọmọ dání lọ sí Rye Lane, kí ó gbọ́ bí ẹ ṣe ń ná iṣu.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ dán wò. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń kọ sí ìsàlẹ̀ eré, ojú ọmọ tó mọ̀wé máa ń sá lọ síbẹ̀, etí rẹ̀ á sì ti. Ẹ fi páálí tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ sì ní kí ọmọ sọ ohun tó gbọ́. Àwa àgbà náà yóò ríṣẹ́ ṣe, torí òwe mìíràn wà níbẹ̀ tí àwa gan-an kò mọ̀.

Ní ti ọfọ̀ àti èpè, n kò ní sọ pé kí ẹ ju gbogbo rẹ̀ nù. Eré onígbàgbọ́ wà: láti 1985 ni Mike Bámilóyè ti dá Mount Zion sílẹ̀. Síbẹ̀, Agbára Ńlá pàápàá kì í ṣe ohun tí ọmọdé ń dá nìkan wò lálẹ́. Ẹ jókòó tì wọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé òfin. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wo ètò ní àkókò gan-an tí wọ́n ń gbé e sáfẹ́fẹ́, ìbáà jẹ́ láti Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ lórí díìṣì tàbí fóònù, ilẹ̀ yìí ní kí ó ní láísẹ́ńsì tẹlifíṣọ̀n. "N kò wo BBC" kì í ṣe àwíjàre. Eré tó ti wà lórí YouTube tí a kàn yàn wò kò sí lábẹ́ èyí. Ẹ ka Róòmù 13:7. Bákan náà ni àdàkọ: Ọ̀run Móoru tí Bàbá Sàlá ṣe ní 1982, àwọn olè dà á kọ, wọ́n ń tà á kiri, owó ńlá sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ra ayédèrú náà jẹ nínú rẹ̀.

Ìbéèrè fún ìdílé, kí a tó pàdé ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀: Ta ló ń bá ọmọ yín sọ Yorùbá nínú ilé, yàtọ̀ sí tẹlifíṣọ̀n? Bí ìyá àgbà bá pè lórí fóònù lálẹ́ yìí, kí ni ọmọ yín yóò sọ lẹ́yìn "Ẹ káalẹ́, mà"?