Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbà Tí Báàjì Ṣọ́jà Àtijọ́ Jẹ́

Bí bàbá àgbà yín nílùú Ìkéjì-Arákejì tàbí níbòmíràn nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà bá ṣe ṣọ́jà rí, ó lè fi báàjì sílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò mọ ìtàn rẹ̀. Báàjì náà fúnra rẹ̀ lè sọ ìgbà tó jẹ́. Nǹkan mẹ́ta la ó wò: àmì, adé, àti ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Ẹ kọ́kọ́ wo àmì. Igi ọ̀pẹ ni àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀. Bí lẹ́tà abẹ́ rẹ̀ bá jẹ́ WAFF (West African Frontier Force), ó ti wà ṣáájú 1928. Ọdún yẹn ni wọ́n fi R (Royal, ìyẹn ti ọba) kún un tó di RWAFF. Ọdún yẹn náà ni wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá gbọ́ ìpè Ọlọ́run nítòsí Ìkéjì-Arákejì, nítorí náà kò ṣòro láti rántí. Bó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n ya aláǹtakùn dúdú sí lórí àwọ̀ ìyeyè, ti Dífíṣọ̀n 81 ni. Ọ̀kọ̀ méjì tó dábùú ara wọn pẹ̀lú òṣùká jẹ́ ti Dífíṣọ̀n 82. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú méjèèjì tó jà ní Bọ́mà nígbà ogun Hitler.

Bí adé bá wà níbẹ̀, ẹ wo òkè rẹ̀. Adé tó wà láti 1901 títí di 1952 yí roboto lókè. Èyí tí Ọbabìnrin Elizabeth yàn lẹ́yìn náà jin díẹ̀ láàárín. Nàìjíríà di orílẹ̀-èdè olómìnira tí kò ní ọba Gẹ̀ẹ́sì lórí mọ́ ní 1963, nítorí náà ó ṣeé ṣe kí báàjì Nàìjíríà tó ní adé ti wà ṣáájú ọdún yẹn.

Ó ku ohun tí wọ́n fi ṣe é. Idẹ, ìyẹn àdàlù bàbà àti síńkì, ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ báàjì àtijọ́. Láti àwọn ọdún 1950 ni àlùmíníọ̀mù tí wọ́n pa láró bíi góòlù ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò rẹ̀. Òòfà kì í fa èyíkéyìí nínú wọn, nítorí náà omi la ó fi yẹ̀ wọ́n wò. Ẹ wọn báàjì náà lórí òṣùwọ̀n. Ẹ bu omi sínú ife tó ní ìlà mìlílítà, ẹ fi òwú sọ báàjì kalẹ̀ sínú rẹ̀, kí ẹ wo iye tí omi fi gòkè. Ẹ fi iye yìí pín ìwọ̀n gíráàmù. Bí báàjì gíráàmù 17 bá gbé omi sókè ní mìlílítà 2, èsì jẹ́ 8.5: idẹ ni. Ti àlùmíníọ̀mù máa ń sún mọ́ 2.7, nítorí pé átọ́mù rẹ̀ fúyẹ́ ju ti bàbà àti síńkì lọ. Báàjì ìbáà kéré tàbí kó tóbi, èsì náà kì í yí padà. Báàjì aṣọ nìkan ni kí ẹ má ṣe ki bọ omi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí iyanrìn fọ̀ ọ́ kó lè máa dán. Ásíìdì inú ọsàn ń jẹ idẹ, iyanrìn sì ń ha lẹ́tà rẹ̀ kúrò. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú ìwé, kí àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n tó tán.