Àkànní, Kí Ló Kù Sí Ọ Lọ́wọ́?

Agboolé wa, Kẹ́mta,
Abẹ́òkúta.
Oṣù Karùn-ún, 2025.

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé inú tó ń run ọ́ nígbà Àjíǹde ti fi ọ́ sílẹ̀? Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Bàbá Kékeré ní kí n kí ọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Àwọn ará Ìtọ́kú ń kí ọ, pàápàá Ìyá Aláró, tó máa ń béèrè rẹ lọ́wọ́ mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá yà síbẹ̀, àfi bí ẹni pé èmi ni mo gbé ọ pamọ́. Gbogbo agboolé ló ń kí ọ. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a fi ẹkún kí ara wa.

Mo pè ọ́ lórí fóònù, ó dún títí, o kò gbé e. Mo tún pè, o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ pé o wà ní kíláàsì. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni, Àkànní. Èwo ni kíláàsì aago mẹ́sàn-án alẹ́? Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Jókòó, kí o kà á dé òpin.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ nípa rẹ kò dùn mọ́ mi nínú. Ẹni tó sọ ọ́ kò fẹ́ bà ọ́ jẹ́, nítorí náà má wulẹ̀ máa wá ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ ti wọlé padà, iná yàrá rẹ ní Kámpù kì í kú lóru, àmọ́ kì í ṣe ìwé lò ń kà. Wọ́n ní fóònù mẹ́ta lò ń lò, pé o ń tẹ eré kan lórí wọn títí ilẹ̀ fi ń mọ́, nítorí ẹ̀bùn tí àwọn tó ni ín ní àwọn máa fún yín. Wọ́n tún ní o ń bẹ ènìyàn kiri kí wọ́n dìbò fún ọ nínú ìdíje kan tí wọ́n ń fi owó ra ìbò rẹ̀. Èyí tó wá lé oorun lójú mi ni pé owó tí a dá jọ fún iṣẹ́ ìwádìí rẹ ti di dátà. Ṣé òótọ́ ni? Ìwọ náà mọ bí a ṣe rí owó yẹn. O mọ ohun tí ìyá rẹ tà.

Mo mọ ohun tí o máa sọ: pé ayé ti yí, pé Ìyá Àgbà kò mọ nǹkan kan nípa íntánẹ́ẹ̀tì. Mo ti lọ béèrè. Ẹni tó kọ́ ọmọ ní ìṣirò títí ó fi fẹ̀yìn tì kì í sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kò yẹ̀ wò. Mo lọ bá ọmọ Bàbá Kékeré, èyí tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Kútò, mo ní kó la gbogbo rẹ̀ yé mi, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí Notcoin, eré tí wọ́n ń fi ìka tẹ̀ lórí Telegram. Ó ní ní ọjọ́ 16 oṣù karùn-ún ọdún 2024, ohun tí wọ́n tẹ̀ jọ di owó tí wọ́n lè tà, 1,000 tí ènìyàn bá tẹ̀ di ẹyọ kan. Àwọn kan rí owó gidi gbà. Mi ò ní purọ́ fún ọ pé kò sẹ́ni tó jẹ níbẹ̀. Ìròyìn àwọn tó jẹ yẹn gan-an ló ti yín sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹta ọdún yẹn ni Hamster Kombat ti dé, tí ẹ ń tẹ eku kan lórí, tí ẹ ń wá káàdì mẹ́ta lójoojúmọ́, tí ẹ ń pe ọ̀rẹ́ wọlé kí tiyín lè pọ̀ sí i. Àwọn tó ni ín sọ pé àwọn tó ń ṣe é lágbàáyé lé ní mílíọ̀nù 300. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án, wọ́n pín owó náà. Ènìyàn mílíọ̀nù 131 ni wọ́n ní ó tọ́ sí. Wọ́n já mílíọ̀nù 2.3 dànù pé wọ́n ṣe màgòmágó.

Ó yá, mú ìwé, kí a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀ bí a ti máa ń ṣe nígbà tí o wà ní pírámárì. Bílíọ̀nù 60 ni ẹyọ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àwọn tó tẹ̀ ẹ́. Fi mílíọ̀nù 131 pín in. Bí wọ́n bá pín in dọ́gba, ẹnì kan á gba nǹkan bíi 458. Ẹyọ kan jẹ́ nǹkan bíi sẹ́ǹtì kan owó Amẹ́ríkà ní ọjọ́ tó bọ́ sọ́jà, ó sì tún wálẹ̀ lẹ́yìn náà. Dọ́là kan tó nǹkan bíi 1,600 náírà nígbà náà. Gbogbo rẹ̀ kò ju ẹgbẹ̀rún méje náírà lé díẹ̀ lọ, fún oṣù mẹ́fà tí ènìyàn fi ń jí lóru. Ní ọdún yẹn kan náà ni ìjọba sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù di 70,000 náírà, tí gbogbo wa sì ń pariwo pé kò tó jẹun. Àkànní, ohun tí ẹ gbà fún oṣù mẹ́fà kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá owó oṣù kan tí a ní kò tó jẹun. Yọ owó dátà kúrò níbẹ̀, kí o sọ iye tó kù fún mi.

Mo bi ọmọ náà pé níbo ni àwọn tó gbé e kalẹ̀ ti ń rí owó tiwọn. Ó ní kí n wo àwọn iṣẹ́ tí wọ́n ń fún yín: ẹ lọ wo fídíò yìí, ẹ lọ wọ ìkànnì yẹn, ẹ pe ẹni márùn-ún wá. Ó ní àwọn tó ni fídíò àti ìkànnì ń sanwó kí ojú lè pọ̀ níbẹ̀. Ojú yín ni wọ́n ń tà. Ó yé mi wàyí. Wọ́n ń gba owó lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan yín, yálà ẹ̀yin rí ẹ̀bùn o, yálà ẹ kò rí i.

Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí àwa kì í sọ nílé yìí fún ọ. O mọ̀ pé oríkì Bọ̀dá mi ni wọ́n fi kì ọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ fún ẹ̀yin ọmọ ni pé ó gbọ́n, pé kò sí rédíò tó bàjẹ́ tí kò lè sọ ohun tó ń ṣe é bó bá ti gbé e sétí. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ rédíò ló ń kọ́ ní Ṣàpọ́n, ọ̀gá rẹ̀ sì sọ fún bàbá wa pé òun kò tíì ní ọmọọṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àmọ́ Bọ̀dá mi pàdé tẹ́tẹ́ pọ́ọ̀lù. Bó bá ti di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, rédíò tí oníbàárà gbé wá fún àtúnṣe ni yóò fi gbọ́ èsì bọ́ọ̀lù lórí BBC, kúpọ́ọ̀nù á wà lórí itan rẹ̀, yóò máa fi bírò yí ọ̀mì po. Bí bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá lọ ìsinmi, ti Ọsirélíà á gbà á, torí náà kò sí ìsinmi nínú ọdún. Ó mọ Partick Thistle, ó mọ Leeds, ó mọ ìlú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ rí. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló ní bánkà tí kò lè yẹ̀.

Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó ra búrẹ́dì àti sàdíìnì fún gbogbo agboolé, ó ra aṣọ fún ìyá wa, a jó. Mo jó pẹ̀lú wọn. Owó tó jẹ yẹn ló mú un tí kò jẹ́ kó lè kúrò níbẹ̀ mọ́, torí ó ti fi ojú ara rẹ̀ rí i pé ó ṣeé ṣe. Ọ̀gá rẹ̀ dá ọjọ́ fírídọ̀ọ̀mù, ó sún un, ó tún sún un, nígbà tó yá, kò dá ọjọ́ mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ kọ́ṣẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n kọ́lé sí Aṣerò. Bọ̀dá mi ń lọ bá wọn tún rédíò ṣe, wọ́n á fún un ní owó oúnjẹ. Nígbà tó kú, a bá kúpọ́ọ̀nù tí wọ́n fi okùn dì nínú àpótí rẹ̀. A kò bá irinṣẹ́ kankan.

Ohun tó ń dùn mí ni pé Bọ̀dá mi ń gbọ́ tèmi. Èmi ni tísà ilé, èmi ni ó ń bá sọ̀rọ̀ tó bá kù díẹ̀ káàtó. Mo rí i, mi ò sì sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ fún un nígbà náà ni mò ń kọ sí ọ yìí, Àkànní, o sì máa gbọ́ ọ.

Mi ò ní kí o má ṣeré. Bàbá wa ń ta ayò níwájú ilé yìí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́. Ẹni tó bá pa ẹnì kejì á fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n á kó ọmọ ayò sínú àpò, kálukú á lọ jẹun. Kò sẹ́ni tó pe ayò níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó fi owó ọjà sílẹ̀ nítorí rẹ̀. O lè ní Tunde Onakoya náà fi eré di olókìkí. Mo rí i nínú ìròyìn bó ṣe ta ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Àmọ́ ó ti ń fi ẹ̀sì kọ́ àwọn ọmọ aláìní láti ọdún 2018, ó sì ti mọ̀ ọ́n kó tó dé ibẹ̀. Bí wọ́n bá gba pátákó yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí, ìmọ̀ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀. Ìdíje tó bá béèrè ohun tí o mọ̀ ọ́n ṣe, tó bá jẹ́ àròkọ ni, tó bá jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà ni, wọ inú rẹ̀. Bí o kò bá tilẹ̀ gbégbá orókè, ọwọ́ rẹ á já fáfá sí i. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ti eku yẹn pa, kí ló kù sí ọ lọ́wọ́?

Ohun mìíràn ń bà mí lẹ́rù. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti máa dúró de owó tí kò ṣiṣẹ́ fún, kì í pẹ́ tí yóò fi kówó tirẹ̀ síbẹ̀. O kéré nígbà tí MMM, ètò sogúndogójì yẹn, ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn ènìyàn ní oṣù kejìlá ọdún 2016, àmọ́ o rántí Kérésìmesì tí ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín nílé yín. Ní oṣù tó kọjá yìí náà ni CBEX ṣe tirẹ̀, tí àwọn tí owó wọn há já wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń gbé àga. O mọ ẹni tó ní owó níbẹ̀ nínú ẹbí wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ojú ṣì ń tì í.

Wá sílé ní Sátidé. Mú fóònù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání. Ìyá Aláró ní àdìrẹ ẹlẹ́kọ tó fi ọwọ́ ya, tí kò rí ẹni bá a yà á ní fọ́tò, kí ó gbé e síta fún àwọn ará Èkó àti ti òkè òkun. Ìwọ ló máa ṣe é, yóò sì fún ọ ní èrè lórí èyí tí o bá tà. O tún máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí o wo bí wọ́n ṣe ń po láfún, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìkòkò aró. Mo mọ̀ pé o máa ní iṣẹ́ obìnrin ni. Aró ló rán èmi àti bàbá rẹ níwèé, nítorí náà má sọ ọ́ létí mi. Owó iṣẹ́ ìwádìí, mo máa bá ọ wá ìdajì. Ìdajì tó kù, ìwọ lo máa fi èrè àdìrẹ dí i.

Má fi àtẹ̀jíṣẹ́ dá mi lóhùn. Mo ti sọ fún ìyá rẹ pé o ń bọ̀, ó sì ti ń wá ẹja tí yóò fi se ọbẹ̀ láfún fún ọ. Ọlọ́run á là ọ́ lóye. O kò ní fi ìgbà èwe rẹ ṣòwò àdánù. O máa parí ìwé rẹ, ojú gbogbo wa ni yóò ṣe é. Sátidé o, kí oòrùn tó mú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ àgbà, ní Kẹ́mta.