Omi Tó Mọ́ Gaara Kò Tíì Tó: Ẹ̀kọ́ fún Olùtọ́jú Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́ Hòtẹ́ẹ̀lì

Bí o bá jẹ́ ọmọ Ìjọ́rà tàbí Ajégúnlẹ̀ tí hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Àpápá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ láti máa tọ́jú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àti yàrá ìdárayá wọn, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Wọn yóò fún ọ ní aṣọ iṣẹ́, búrọ́ọ̀ṣì, àti àwọ̀n tí a fi ń kó ewé kúrò lójú omi. Àpótí ìdánwò omi ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Omi lè mọ́ títí o fi máa ka táìsì ìsàlẹ̀ rẹ̀, kó sì tún máa kó ìgbẹ́ gbuuru ran ọmọ ọlọ́mọ.

Nǹkan méjì là ń wọ̀n. Àkọ́kọ́ ni chlorine, oògùn apakòkòrò, tó ṣì lágbára nínú omi; kò gbọ́dọ̀ dín ní mílígírámù 1 nínú lítà kan. Èkejì ni pH, òṣùwọ̀n tó ń sọ bóyá omi ti kan jù tàbí ó ti ń dà bí omi eérú tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. Àárín 7.2 sí 7.8 ló yẹ kó wà. Ìkan kò ṣeé fojú fò nítorí èkejì: bí pH bá wà ní 7.5, nǹkan bí ìdajì chlorine náà ló ń pa kòkòrò dáadáa, ṣùgbọ́n bó bá ti dé 8, kò tún ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin lọ. Ẹni tó ń da chlorine láìwo pH ń fowó ṣòfò.

Bó o bá fẹ́ wọn chlorine, ki ọwọ́ bọ omi dé ìgbọ̀nwọ́ kí o tó bu ú, kí o sì jìnnà sí ojú ihò tí omi tí a ti sẹ́ ń gbà wọlé. Fi omi náà ṣan ìgò ìdánwò. Má fi ìka kan oògùn oníhóró tó wà nínú àpótí ìdánwò. Inú ìdì rẹ̀ ni kó ti bọ́ sínú ìgò. Omi yóò pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí chlorine bá wà níbẹ̀, bó bá sì ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe pọ́n tó. Ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ṣìnà wá nìyí. Bí chlorine bá pọ̀ kọjá ààlà, tó ju nǹkan bí mílígírámù 10 nínú lítà kan lọ, yóò bó àwọ̀ pupa náà dànù, ìgò yóò sì dà bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ yóò tún da òmíràn sí i, ojú àwọn àlejò yóò sì máa ta. Bí o bá rí i tí pupa yọ fìrí tó sì pòórá, da èyí tó wà nínú ìgò nù, bu omi adágún mìíràn, fi omi tó mọ́ là á kí o tó fi oògùn sí i, kí o sì tún un wọ̀n.

Agbègbè wa tún ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀sà kò jìnnà sí wa, omi kànga ẹ̀rọ sì lè níyọ̀ tàbí kó ní irin nínú. Bí chlorine bá kan irin yẹn, omi tó mọ́ láàárọ̀ lè dípẹtà lọ́sàn-án. Asẹ́ ló máa mú un, kì í ṣe chlorine sí i. Iná mànàmáná náà ńkọ́? Gbogbo omi inú adágún yẹ kó gba inú asẹ́ kọjá láàárín wákàtí bíi mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ pọ́ńpù kì í ṣiṣẹ́ láìsí iná. Oòrùn pẹ̀lú ń jẹ chlorine: bí kò bá sí èròjà tó ń dáàbò bò ó, ìdajì rẹ̀ lè lọ láàárín wákàtí kan. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò àárọ̀ nìkan kò fi tó.

Òórùn oògùn tó ń ta imú kì í ṣe àmì ìmọ́tótó. Chlorine tó ti pò mọ́ òógùn àti ìtọ̀ ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Rọ àlejò kó wẹ̀ kó tó wọlé. Má sì jẹ́ kí ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru wọ omi rárá: chlorine tó péye ń pa kòkòrò E. coli láàárín ìṣẹ́jú kan, ṣùgbọ́n kòkòrò Cryptosporidium lè wà láàyè nínú omi kan náà fún bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Má ṣe po chlorine àti ásíìdì pọ̀ láé, àní nínú ike tó ti gbẹ. Èéfín tó máa jáde lè pa ènìyàn. Ní ti yàrá ìdárayá, nu irin àti ìjókòó lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí o sì rí i pé ẹ̀rọ ìsáré kò lè dédé máa yí fúnra rẹ̀ nígbà tí iná bá padà dé.

Ká padà sí adágún: ẹni tó ń rì sábà kì í pariwo, torí kò rí èémí tó máa fi ké. Má tẹ fóònù nígbà tí ènìyàn bá wà nínú omi.

Kọ aago, chlorine, pH àti ohun tí o dà sí omi sínú ìwé, títí kan èyí tí kò dára. Ìwé tí nọ́ńbà rẹ̀ dọ́gba láti ọjọ́ Ajé dé Sátidé, irọ́ ló wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá hòtẹ́ẹ̀lì, mo bẹ̀ yín, ẹ ra àpótí ìdánwò kí ẹ tó ra ọ̀dà tuntun. Ẹ sì fún olùtọ́jú yín láṣẹ láti ti adágún pa bí òṣùwọ̀n kò bá dára, ìbáà jẹ́ ọ̀sán Sátidé tí àlejò kún fọ́fọ́.